Eérú Tó Ṣáájú Iná

Wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú.
Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Leeds,
a mọ̀ pé eérú ti wà ńlẹ̀ kí iná tó dé:
ó ti sùn sínú èédú láti ìgbà ẹrẹ̀,
nígbà tí igi ńláńlá wó sínú àbàtà
tí omi gbé amọ̀ wá bò wọ́n, láìbéèrè.

Bàbá Garside ti Barnsley wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
nínú òjò wínníwínní,
òkúta dúdú kan nínú ike bọ́tà.
Ó ní ogójì ọdún ló ti wà lórí pẹpẹ ilé òun.
“Ọmọ mi, bá mi wò ó. Kí ló dé tí kì í fẹ́ jó?”

Ọdún ìyanṣẹ́lódì ni. Owó ọ̀sẹ̀ ti dáwọ́ dúró.
Òun, Doreen, àti ọmọbìnrin wọn nínú bàtà òjò
ń fọwọ́ họ òkìtì pàǹtí tí kòtò èédú pọ̀ jáde,
wọ́n ń ṣà á bí ẹni ń ṣa ẹ̀pà tó kù lóko olóko.
Ọlọ́pàá dé, wọ́n sá. Ọlọ́pàá lọ, wọ́n padà.
Láàárọ̀, Doreen á kúnlẹ̀ níwájú ààrò,
á fẹ́ ẹ, á fẹ́ ẹ, ojú á pọ́n,
ìwé ìròyìn á jó tán, ìṣáná á tán,
èédú á kàn máa wò wọ́n
bí àlejò tí kò fẹ́ bọ́ bàtà.
“Mo bú u,” ni bàbá wí. “Mo ní kò mọ iná dá.”

Mo lọ̀ ọ́. Mo kù ú títí ó fi kúnná bí àtíkè.
Mo jó díẹ̀ nínú àwo funfun
títí kò fi ku ohun tó lè jó mọ́,
mo gbé e lé òṣùwọ̀n.
Nínú ọgọ́rùn-ún, mọ́kànlélógójì ni eérú,
ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú
bí ilẹ̀ tí bàbá tèmi ń kọ ebè sí.

Mo da ìyókù sínú iléru tó dúró ṣánṣán,
kámẹ́rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kì í ṣẹ́jú.
Hóró èédú rere já bọ́, ooru kàn án,
gáàsì tú jáde lára rẹ̀, ó gbiná, yẹ̀rì!
Hóró ti bàbá já bọ́,
ó ń já bọ́,
ó ṣì ń já bọ́.
Ooru tó yẹ kó jí èédú
òkúta ló ń mu ún, òkúta tí kò ní jó láéláé;
gáàsì tó yẹ kó gba iná kò tó nǹkan;
afẹ́fẹ́ kanlẹ̀kùn, amọ̀ ló yọjú,
ó ní kò sẹ́nìkan nílé.

Kì í ṣe gbogbo eérú ni ọ̀tá o.
Ọ̀gá mi a máa sọ pé irin àti ẹfun inú rẹ̀
lè ti iná lẹ́yìn nígbà mìíràn.
Irin wà nínú ti bàbá. Amọ̀ ló borí ẹ̀.

Ó ràn ṣá, nígbà tó kù díẹ̀ kó kanlẹ̀.
Ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ló fi pẹ́.
Ta ni yóò pe ìyẹn ní pípẹ́?
Nínú ààrò Doreen, wákàtí kan ni,
ọmọ tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn ni,
ọ̀rọ̀ ẹnu ọkọ ni, tí kò ṣeé kó jẹ mọ́.

Bàbá ka ìwé èsì náà lẹ́ẹ̀mejì.
“Kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀, nígbà náà?”
Mo ní kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀.
Ó ká a sínú àpò àyà, ó wá béèrè eérú.
Mo ní ṣíbí kan péré ló kù.
Ó ṣí ike bọ́tà. Ó ní ó tó.